Ìbora tó ń jẹ́ kí wáyà eyín yọ̀ nínú bracket: PTFE, DLC, níkẹ́ẹ̀lì pẹ̀lú WS₂, àbí náítírójìn?

#1 WáyàTínrín

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Ìbéèrè lórí ìbora wáyà tí a fi ń to eyín ni mo gbé wá. Wáyà náà jẹ́ irin stainless 0.019 × 0.025 ínṣì, bracket rẹ̀ (ohun kékeré tí a lẹ̀ mọ́ eyín, tí wáyà ń gba inú yàrà rẹ̀ kọjá) jẹ́ irin, yàrà bracket sì jẹ́ 0.022. PTFE (pílásítíìkì tó ń yọ̀, tí a tún mọ̀ sí Teflon) ni ìbora rẹ̀, nǹkan bí 25 µm (ẹgbẹ̀rún µm ló wà nínú mm kan) ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí bracket bá dúró gbọọrọ, ní 0°, agbára tí a fi ń fa wáyà kọjá kò ju ìdajì ti wáyà lásán lọ. Ṣùgbọ́n bí a bá ti jẹ́ kí bracket tẹ̀ sí 5°, èrè yẹn pòórá. Nígbà mìíràn ó tiẹ̀ ń ha ju wáyà tí a kò bò lọ, PTFE sì ń ṣí kúrò níbi tí etí yàrà ti ń tẹ̀ ẹ́.

Ṣé ìbora ló burú ni, àbí bí a ṣe dán an wò? Bí a bá sì fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀, èwo ni ká lọ bá nínú DLC (kábọ́ọ̀nù líle bíi dáyámọ́ǹdì), níkẹ́ẹ̀lì tí WS₂ (eérún tungsten disulphide tó ń yọ̀) wà nínú rẹ̀, àti náítírójìn tí a ń ta wọ inú irin? TMA, irú wáyà títáníọ́mù kan, ló kàn lẹ́yìn stainless.

#2 ÌwọnTóPé

Ẹ kọ́kọ́ ṣírò àlàfo kí ẹ tó dá PTFE lẹ́bi.

Bí ẹ bá yọ 0.019 kúrò nínú 0.022, ó ku 0.003 ínṣì, ìyẹn 0.076 mm. Inú àlàfo yìí ni bracket ti ń rí àyè tẹ̀ díẹ̀ kí etí yàrà rẹ̀ méjèèjì tó gbá wáyà mú. Láti mọ ìtẹ̀sí tí híhá ti bẹ̀rẹ̀, ẹ fi fífẹ̀ bracket pín àlàfo, kí ẹ sọ èsì rẹ̀ di púpọ̀ pẹ̀lú 57.3 kí ó lè di dígírì. Fún bracket tó fẹ̀ tó 3 mm:

wáyà lásán, àlàfo 0.076 mm: 1.45°
ìbora 1 µm ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, àlàfo 0.074: 1.41°
ìbora 10 µm, àlàfo 0.056: 1.07°
ìbora 25 µm, àlàfo 0.026: 0.5°

Ẹ wo èyí tó gbẹ̀yìn yẹn. Ìbora yín ti jẹ ìdá méjì nínú mẹ́ta àlàfo tó yẹ kí bracket fi mí. Ní 5°, wáyà lásán ti fi 3.55° kọjá ibi tí híhá ti bẹ̀rẹ̀, tiyín sì ti fi 4.5° kọjá a. Ìyàtọ̀ yẹn di agbára tí etí yàrà fi ń tẹ wáyà, ó sì ń pọ̀ sí i bí wáyà bá ṣe le tó.

Kusy àti Whitley, àwọn olùṣèwádìí lórí wáyà eyín, ló pín ìdíwọ́ yìí sí mẹ́ta: ìfaragbora lásán nígbà tí àlàfo ṣì wà, híhá nígbà tí etí bá gbá wáyà mú, àti àpá nígbà tí etí bá wọ inú wáyà tí kò sì fẹ́ jáde mọ́. Ìdánwò 0° ń wo ti àkọ́kọ́ nìkan, bẹ́ẹ̀ nínú ẹnu, eyín tí a ń fà kì í pẹ́ tẹ̀.

Ohun mìíràn: ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé nọ́ńbà tó wà lára páálí. Wáyà sábà máa ń kéré díẹ̀ sí ohun tí wọ́n kọ, igun rẹ̀ a sì rí róbótó, yàrà bracket a sì máa fẹ̀ ju 0.022 lọ. Ẹ wọn méjèèjì kí ẹ tó ṣírò.

#3 Atúdìí

Tí ó bá jẹ́ pé híhá ló gba gbogbo rẹ̀, kí ni ìbora tún fẹ́ ṣe? A lè fi wáyà sílẹ̀ lásán ká wá fún un ní àlàfo tó pọ̀. Wáyà 0.014 nínú yàrà yìí kan náà kò ní há títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 3.9°.

#4 IléPlasma

@Atúdìí, òótọ́ ni ẹ sọ nípa àlàfo, ṣùgbọ́n ẹ kò lè fi wáyà 0.014 pa àlàfo ńlá tó wà láàárín eyín dé láìjẹ́ pé eyín á ṣubú sínú ibẹ̀. Líle wáyà róbótó ń lọ pẹ̀lú d⁴, d sì ni ìwọ̀n ìdábùú rẹ̀. Láti 0.016 sí 0.014 nìkan, ìdá 41 nínú 100 líle rẹ̀ ti lọ. 0.019 × 0.025 wà níbẹ̀ nítorí pé a fẹ́ kí gbòǹgbò eyín máa bá orí rẹ̀ rìn.

Híhá pàápàá kò sì sọ ìbora di asán. Níbi tí etí yàrà ti tẹ wáyà, ìdíwọ́ ibẹ̀ ṣì jẹ́ òǹkà ìfaragbora, μ, ní ìlọ́po agbára tí etí fi ń tẹ̀. Bí μ bá kéré, híhá náà á rọ̀. Ohun tó yí padà ni pé ojú tí wọ́n fi kan ara wọn ti di ìlà tínrín, gbogbo agbára sì rọ́ sórí ìlà yẹn. PTFE rọ̀, etí irin á tú u bí ẹní tú ilẹ̀, á wá kó èyí tó tú jọ síwájú ara rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí tiyín fi ń ha ju wáyà lásán lọ ní 5°: kì í ṣe irin lórí PTFE mọ́, irin tó ń ti òkìtì PTFE níwájú ni.

Nítorí náà ohun tí a ń wá ni ìbora tó tín-ín-rín, tó le ju etí bracket lọ, tó sì di irin mú. Ẹ fi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí wọn gbogbo ohun tí wọ́n bá gbé wá.

#5 Agbẹ́yínró

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti TMA, nítorí ọ̀rọ̀ rẹ̀ yàtọ̀.

Burstone àti Goldberg ló mú un wọ iṣẹ́ títo eyín ní 1980. Títáníọ́mù ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, pẹ̀lú molybdenum tó tó nǹkan bí ìdá 11 nínú 100, zirconium 6, àti tin díẹ̀. Ó rọ̀ dáadáa, líle rẹ̀ kò tó ìdajì ti stainless, ó sì ṣeé tẹ̀. Àléébù rẹ̀ ni pé òun ló ń ha jù nínú wáyà mẹ́rin tó wọ́pọ̀: stainless ló ń yọ̀ jù, cobalt-chromium tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà NiTi (níkẹ́ẹ̀lì pẹ̀lú títáníọ́mù), TMA ló kẹ́yìn.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé nítorí pé ara rẹ̀ kò dán ni. Rárá o. Ara NiTi ló máa ń rí gbágungbàgun jù bí a bá wọn ọ́n, síbẹ̀ TMA ń ha jù ú lọ. Títáníọ́mù fẹ́ràn láti lẹ̀ mọ́ irin mìíràn. Bí etí bracket bá ti ha awọ oxide rẹ̀ kúrò, irin tuntun tó yọjú á lẹ̀ mọ́ bracket, á fà ya, á tún lẹ̀. Bí ẹ bá wo yàrà bracket lábẹ́ máíkírósíkópù lẹ́yìn ìdánwò, ẹ ó rí eérún TMA tó lẹ̀ mọ́ ọn. Nítorí náà dídán TMA bí dígí kò yanjú ọ̀rọ̀ náà. Ẹ ní láti yí ohun tó wà lójú rẹ̀ padà.

Ibẹ̀ ni náítírójìn ti dára jù. Wọ́n ń fi iná mànàmáná sáré fún ion náítírójìn nínú àyè tí kò sí afẹ́fẹ́, kí ó lè wọ inú irin fúnra rẹ̀. Kò wọlé ju ìdá kan nínú mẹ́wàá sí méjì nínú mẹ́wàá µm lọ. Ó ń sọ ojú TMA di títáníọ́mù náítíráìdì tó le, ìwọ̀n wáyà kò sì yí padà. Kò sí pé ó ń ṣí, nítorí kò sí ìlà kankan láàárín ìbora àti irin tí yóò là. TMA aláwọ̀ aláràbarà tí ẹ ń rí lọ́jà, ọ̀nà yìí ni wọ́n gbà ṣe é. Àmọ́ bó ṣe tín-ín-rín tó yẹn, bí etí bracket bá ti wọ̀ ọ́ já, TMA lásán ló kù lábẹ́ rẹ̀.

#6 WáyàTínrín

Ẹ ṣeun púpọ̀. Ṣé PTFE kò wá wúlò rárá ni? Àwọn kan ń bo NiTi pẹ̀lú rẹ̀.

#7 ÌwọnTóPé

Ó wúlò fún ojú, kí wáyà má hàn nínú ẹnu. Rhodium náà, nítorí ojú ni. Ẹ tiẹ̀ yẹ àwọn wáyà PTFE kan wò dáadáa: iwájú tí ènìyàn ń rí nìkan ni wọ́n bò, ẹ̀yìn rẹ̀ tó ń kan ìsàlẹ̀ yàrà jẹ́ irin lásán. Irú rẹ̀ kò lè dín ohunkóhun kù nínú bracket.

Ti ooru ló le jù. PTFE ń yọ́ ní 327°C, a sì ní láti gbé e dé nǹkan bí 370 sí 400°C fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ó tó di ara kan. Stainless lè fara da ìyẹn, ó tiẹ̀ ń tu wàhálà tó kù nínú rẹ̀ lẹ́yìn títẹ̀. NiTi kò lè fara dà á bẹ́ẹ̀. Láàárín 300 sí 500°C, níkẹ́ẹ̀lì tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ máa ń kóra jọ sí Ti₃Ni₄, ìwọ̀n ooru tí wáyà ti ń padà sí ìrísí rẹ̀ á sì sún kúrò ní àyè rẹ̀. Wáyà tó yẹ kí ó máa ta padà nínú ẹnu ní 37°C lè wá rọ síbẹ̀. TMA náà: bí ooru bá pẹ́ lórí rẹ̀ ní ìwọ̀n yẹn, apá kan nínú rẹ̀ á yí sí irú títáníọ́mù mìíràn, á le, á sì máa kán nígbà tí a bá ń tẹ̀ ẹ́.

Bí ẹ bá ṣì fẹ́ PTFE lórí stainless, ẹ fa wáyà inú sí 0.018 × 0.024, kí ìbora 12 µm ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan dá a padà sí 0.019 × 0.025. Ṣùgbọ́n ẹ mọ iye tí ẹ san: ìdá 18 nínú 100 líle wáyà ní òkè-sí-ìsàlẹ̀ ti lọ.

#8 Omi_Níkẹ́ẹ̀lì

Ti níkẹ́ẹ̀lì-fọ́sífọ́ọ̀sì pẹ̀lú WS₂ rèé, fún stainless nìkan. Ẹ má ki TMA tàbí NiTi bọ inú àwọn ásíìdì wọ̀nyí o. Títáníọ́mù ń mu hydrogen, wáyà á sì wá máa kán.

WS₂ tí mo ń sọ ni èyí tó rí róbótó, irú tí Reshef Tenne àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Weizmann Institute gbé jáde ní 1992. WS₂ pẹlẹbẹ lásán ń yọ̀ nínú gbígbẹ, ṣùgbọ́n omi àti afẹ́fẹ́ máa ń bá etí rẹ̀ jà, ẹnu sì kì í gbẹ. Èyí tó rí róbótó ti pa etí rẹ̀ dé.

Fífọ̀: wáyà ń bọ̀ pẹ̀lú ọṣẹ àti epo tí wọ́n fi fà á kọjá nínú dáì. Acetone fún ìṣẹ́jú 10 nínú ultrasonic, ethanol fún ìṣẹ́jú 10, omi distilled. Láti ìgbà yẹn lọ, ọwọ́ lásán kò gbọ́dọ̀ kàn án mọ́.

Wood's strike (ìpele níkẹ́ẹ̀lì tínrín àkọ́kọ́, tí a fi iná mànàmáná gbé sórí irin): awọ chromium oxide tí kò jẹ́ kí stainless dógùn-ún, òun náà ni kò jẹ́ kí níkẹ́ẹ̀lì lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ po nickel chloride 240 g sínú lítà kan, pẹ̀lú hydrochloric acid tó nípọn 125 mL. Ásíìdì la ń dà sínú omi, lábẹ́ fáànù tó ń fa èéfín. Wáyà wà ní òdì, àwo níkẹ́ẹ̀lì ní ìdàkejì, nǹkan bí 5 A/dm² fún ìṣẹ́jú méjì. Ojú 100 mm wáyà yìí jẹ́ 0.022 dm², nítorí náà 0.11 A péré ló fẹ́. Ibi tí iṣẹ́ ti ń bàjẹ́ jù nìyí: ẹ̀rọ iná tí kò lè dín dé 0.1 A á sun wáyà yín dúdú. Ẹ fi àwo stainless kan kún un láti gbé ojú iṣẹ́ ga.

Ẹ ṣàn án, kí ẹ sì gbé e ní tútù lọ sínú omi níkẹ́ẹ̀lì. Bí ó bá gbẹ lójú ọ̀nà, ẹ padà sí Wood's.

Omi níkẹ́ẹ̀lì: nickel sulphate nǹkan bí 25 g/L, sodium hypophosphite 25 g/L, lactic acid láti di níkẹ́ẹ̀lì mú, pH 4.6 sí 4.8, 88 sí 90°C. WS₂ gíráàmù díẹ̀ nínú lítà kan, pẹ̀lú ohun tó ń mú eérún dá dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí ẹ sì máa rò ó láìdúró. Ó ń gun tó 15 µm ní wákàtí kan, ìyẹn ni pé ìṣẹ́jú 12 á fún yín ní 3 µm. Ẹ má kọjá ibẹ̀. Ẹ rántí ìṣirò àlàfo tó wà lókè.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀: pH ń wálẹ̀ bí iṣẹ́ ṣe ń lọ, bí ó bá bọ́ sí abẹ́ 4, gígùn rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró. Bí WS₂ bá pọ̀ jù tàbí omi gbóná jù, níkẹ́ẹ̀lì á bẹ̀rẹ̀ sí í gun ara ife àti ara eérún fúnra wọn, gbogbo omi á di dúdú lójú ẹsẹ̀. Kò sí bí a ṣe ń gbà á là; ẹ da á nù bí ó ti yẹ ká da omi níkẹ́ẹ̀lì nù, kì í ṣe sínú gọ́tà. Bí eérún bá sì ṣùjọ, ẹ ó rí kókó lára wáyà, kókó yẹn ni yóò kọ́kọ́ ha bracket.

Lẹ́yìn rẹ̀, 200°C fún wákàtí kan nínú ààrò, kí hydrogen jáde kí ìbora sì di irin mú.

#9 Agbẹ́yínró

Àwọn tí níkẹ́ẹ̀lì máa ń yún lára ńkọ́?

#10 Omi_Níkẹ́ẹ̀lì

Kò yẹ fún wọn, tààrà. Ẹnì kan lè sọ pé stainless ní níkẹ́ẹ̀lì bí ìdá 8 nínú 100, NiTi sì ní bí ìdá 55, àmọ́ nínú àwọn méjèèjì awọ oxide ló dé e mọ́lẹ̀. Níkẹ́ẹ̀lì-fọ́sífọ́ọ̀sì kò ní irú awọ bẹ́ẹ̀ tó tó, itọ́ tó kan sì máa ń yọ níkẹ́ẹ̀lì jáde lára rẹ̀. Kí ó tó dé ẹnu ènìyàn, ẹ wọn iye tó ń jáde sínú itọ́ àtọwọ́dá ní 37°C lójoojúmọ́, ẹ má wọn ti ọjọ́ àkọ́kọ́ nìkan.

#11 IléPlasma

Èmi ò bá lọ bá DLC fún stainless, nítorí ìdí yẹn gan-an àti nítorí àlàfo. Kábọ́ọ̀nù ni, 0.5 sí 1 µm ti tó.

Fọ̀ ọ́ bí Omi_Níkẹ́ẹ̀lì ti kọ ọ́, títí dé ethanol, kí ẹ sì fi náítírójìn fẹ́ ẹ gbẹ. Nínú ẹ̀rọ plasma, ẹ fi argon gbá ojú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15 sí 20 kí oxide lè kúrò. Lẹ́yìn náà ni ìpele àárín tí silicon wà nínú rẹ̀, 0.1 µm, láti ara tetramethylsilane. Ẹ má fò ó: DLC lórí stainless láìsí ìpele àárín á ṣí fúnra rẹ̀ kí ẹ tó yọ ọ́ nínú ẹ̀rọ. Acetylene, gáàsì tí kábọ́ọ̀nù DLC ti ń wá, ló kàn. Ooru ibẹ̀ lè wà lábẹ́ 200°C, èyí tó mú kí ó ṣeé ṣe fún NiTi àti TMA pẹ̀lú.

Ibi tó máa ń kùnà:

Bí ẹ bá fi agbára lé e kọjá 1 µm, wàhálà inú rẹ̀ pọ̀ jù, á sì fò kúrò ní eérún wẹ́wẹ́. Níbi tí ohun ìdìmú ti di wáyà, plasma kò dé ibẹ̀. Ẹ di í ní òpin méjèèjì tí a óò gé sọnù, kí ẹ sì rí i pé nǹkan ń yí i.

Títẹ̀ ló ṣe pàtàkì jù. DLC máa ń là bí a bá nà án ju nǹkan bí ìdá 1 sí 2 nínú 100 lọ. Ẹ wo ìtẹ̀kọrọdọ iwájú wáyà, tí rédíọ́ọ̀sì rẹ̀ tó 25 mm: ojú ìta rẹ̀ ti nà tó ìdá 1.3. Bí ẹ bá wá tẹ ìkọ́ tí rédíọ́ọ̀sì rẹ̀ jẹ́ 2 mm, ìdá 12 ni. Nítorí náà ẹ tẹ wáyà sí ìrísí rẹ̀ tán kí ẹ tó bò ó. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹni tó bá fi páláyà dá ìtẹ̀ sí i lórí àga aláìsàn ti ba ìbora jẹ́ ní ojú ibẹ̀.

Bí irin abẹ́ rẹ̀ bá sì rọ̀ jù, bíi TMA, DLC lórí rẹ̀ dà bí awo dígí lórí tìmùtìmù: dígí le, ṣùgbọ́n bí ìsàlẹ̀ bá ti rì, ó là. Fún TMA, ẹ kọ́kọ́ ta náítírójìn wọ̀ ọ́, kí DLC tó gun orí rẹ̀.

#12 Atúdìí

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ ọ̀rọ̀ yìí di ti yàrá ìdánwò nìkan. Wọ́n máa ń sọ pé ìdá 12 sí 60 nínú 100 agbára tí a fi ń fa eyín ni ìfaragbora ń jẹ. Bí ẹ bá fi 150 g fa eyín ọ̀gàn sẹ́yìn, ẹ lè máà rí ju 60 g lọ lórí eyín fúnra rẹ̀. Ìyẹn ló mú kí ìbora wúlò.

Àmọ́ ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Jíjẹun ń mi wáyà, ó ń tú híhá sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ẹ̀rọ ìfà kò sì ní ìyẹn. Bracket tó ń ti ara rẹ̀ dé ń yọ̀ gan-an lórí ẹ̀rọ, síbẹ̀ a kò rí i pé ó ń mú ìtọ́jú yá. Ẹni tó bá ṣèlérí fún aláìsàn pé DLC á gé oṣù mélòó kan kúrò ń tàn án ni.

#13 Agbẹ́yínró

Mo fara mọ́ ọn. Ó sì kù díẹ̀ kí á gbàgbé ibi tí yíyọ̀ ti ń ṣẹlẹ̀. Nígbà tí a bá ń pa àlàfo àárín eyín dé pẹ̀lú 0.019 × 0.025, eyín mẹ́fà iwájú àti wáyà jọ ń rìn sẹ́yìn pọ̀ ni. Inú bracket eyín kékeré ẹ̀yìn àti inú túùbù eyín ńlá ni wáyà ti ń kọjá. Iwájú kò nílò ìbora. Láti ẹ̀yìn eyín ọ̀gàn títí dé òpin ni kí ẹ bò, kí ẹ dé ìyókù mọ́lẹ̀. Owó dín, àtẹ̀ iwájú kò sì ní ba nǹkan jẹ́.

Ẹ ṣọ́ ìdè tó ń di wáyà mọ́ bracket pẹ̀lú. Rọ́bà tuntun lè tẹ wáyà mọ́ yàrà débi tí ìyàtọ̀ ìbora kò ní hàn mọ́. Wáyà ìdè tí a dì tí a sì tú díẹ̀ ń jẹ́ kí ó yọ̀. Bracket seramíìkì tí kò ní irin nínú yàrà: etí rẹ̀ mú, ó ń gé ìbora rírọ̀ bí ọ̀bẹ. Gẹ́ẹ̀lì fluoride oní-ásíìdì, tí fluoride rẹ̀ jẹ́ ìdá 1.23 nínú 100, ń jẹ awọ oxide títáníọ́mù. Bí ihò kékeré kan bá wà lára ìbora TMA tàbí NiTi, ibẹ̀ ni yóò gbà wọlé tí ìbora á fi gbé sókè láti abẹ́. Ẹ lo èyí tí kò ní ásíìdì.

#14 ÌwọnTóPé

Ìdánwò ló kù fún @WáyàTínrín. 0° nìkan kò tó, 5° nìkan kò sì tó. Ẹ wọn ọ́n ní 0, 3, 6 àti 9°, kí ẹ rí ibi tí ìlà ti ṣẹ́ tó ń gòkè. Ibi tó ti ṣẹ́ ni ìtẹ̀sí híhá, ẹ fi wé ìṣirò #2.

Láti mọ 0° gidi, ẹ fi wáyà 0.0215 × 0.028 tó kún yàrà dí bracket mú nígbà tí ẹ bá ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ àwo. Bí bracket bá ti wọ́ 1° láti ìbẹ̀rẹ̀, ìbora 25 µm ti há kí ẹ tó fa nǹkan kan. Kò yà mí lẹ́nu bí àbájáde àwọn ènìyàn lórí PTFE kan náà kò bá bára mu.

Load cell (ohun tó ń wọn agbára ìfà) kékeré, 10 N ti tó. Ẹ fà á ní 5 mm ní ìṣẹ́jú kan, fún 5 mm. Òkè àkọ́kọ́ nínú ìlà ni ti ìdúró, ìpíndọ́gba ìyókù ni ti ìrìn. Ẹ kọ méjèèjì. Itọ́ àtọwọ́dá, 37°C. Bracket àti rọ́bà tuntun fún wáyà kọ̀ọ̀kan, kí rọ́bà sì sinmi fún ìṣẹ́jú mẹ́ta kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Wáyà lásán láti inú páálí kan náà gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀.

Bí ẹ bá ń wá μ: ìsàlẹ̀ yàrà ń tẹ wáyà, ìdè náà ń tẹ̀ ẹ́ láti òkè, ojú méjì nìyẹn. Ẹ fi ìlọ́po méjì agbára ìdè pín agbára ìfà. Ìdè 2 N, ìfà 0.6 N: μ jẹ́ 0.15.

Lẹ́yìn náà ẹ fà á lọ-bọ̀ ní ìgbà 100 ní 6°, kí ẹ tún wọn ọ́n. Nọ́ńbà ìgbà 100 ni kí ẹ fi yan ìbora. Lára wáyà oníbora aláwọ̀ eyín tí a yọ kúrò lẹ́nu, ìbora tó ti lọ lè tó ìdá kan nínú mẹ́rin láàárín nǹkan bí oṣù kan.

#15 WáyàTínrín

A dúpẹ́ gan-an. Ìbéèrè kékeré kan ṣoṣo ló kù: báwo la ṣe ń wọn nínípọn 1 µm láìsí máíkírósíkópù elẹ́kítírọ́ọ̀nù?

#16 IléPlasma

Ẹ wọ̀n ọ́n lórí òṣùwọ̀n. 100 mm wáyà yìí ní ojú 2.2 cm². PTFE 10 µm lórí rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 4.9 mg, òṣùwọ̀n tó ń ka 0.1 mg tó fún un. DLC 1 µm kò ju 0.45 mg lọ, nítorí náà òṣùwọ̀n 0.01 mg ló fẹ́, tàbí kí ẹ wọn wáyà mẹ́wàá pọ̀. Plasma argon pàápàá máa ń jẹ irin díẹ̀ kúrò. Ẹ ran wáyà kan gba inú argon láìbò ó, kí ẹ yọ ìyẹn kúrò nínú ìṣirò. Ẹ tún fi àwo stainless pẹlẹbẹ kan tí a fi teepu bo ìdajì rẹ̀ sínú ẹ̀rọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wáyà. Ẹ wọn gíga àtẹ̀gùn tó kù lẹ́yìn tí ẹ bá ká teepu.

#17 Omi_Níkẹ́ẹ̀lì

Àfikún kan: òṣùwọ̀n ń fún yín ní ìpíndọ́gba ni, kò sì sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní igun wáyà onígun mẹ́rin. Ìbora tí a rì í sínú omi bíi PTFE máa ń fà sẹ́yìn kúrò ní igun, ó ń tín-ín-rín níbẹ̀. Èyí tí iná mànàmáná gùn ún ń ṣe òdìkejì: ó ń sanra ní igun, sísanra yẹn á sì jẹ àlàfo ju bí òṣùwọ̀n ṣe sọ lọ. Wood's nìkan ló ní iná nínú ìlànà tí mo kọ, ìṣẹ́jú méjì rẹ̀ kò sì tó láti dá sísanra kankan. Omi níkẹ́ẹ̀lì tí kò ní iná ń gùn ún dọ́gba. Ẹ ki wáyà tí ẹ bò sínú epoxy, ẹ gé e lábùú, ẹ fi pépà yanrìn 2000 dán an, kí ẹ sì wo igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní ìlọ́po 500. Bí ìbora igun bá tín-ín-rín ju ìdajì ti ẹ̀gbẹ́ lọ, igun ni yóò kọ́kọ́ ṣí, nítorí òun ni etí yàrà ń kàn nígbà tí wáyà bá yí díẹ̀ nínú bracket.